Bí orúkọ Yorùbá bá dàrú nínú kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo irú ìdàrú tó wà níwájú yín, torí ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra.

Bí ẹ bá ṣí fáìlì CSV (àtẹ tí a kọ ní ọ̀rọ̀ lásán) nínú Excel, tí ẹ sì rí “ẹ” níbi tó yẹ kí “ẹ” wà, tàbí “ṣ” dípò “ṣ”, ẹ fọkàn balẹ̀, kò tíì sí ohun tó sọnù. Báìtì mẹ́ta ni “ẹ” ń gbà nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà gbogbo èdè pamọ́: E1, BA, B9. Excel ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí odindi lẹ́tà, bí Windows-1252, ètò lẹ́tà àtijọ́ kan, ṣe ń ṣe. Ẹ pa fáìlì náà dé láì tẹ Save. Ẹ ṣí ojú ìwé tuntun, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ From Text/CSV, ẹ mú fáìlì náà, kí ẹ sì yan 65001: Unicode (UTF-8) níbi File Origin. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, “CSV UTF-8” ni kí ẹ yàn, kì í ṣe “CSV” lásán.

Ihò onígun mẹ́rin kò ju ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì lọ. Ẹ lo Noto Sans tàbí Charis SIL.

Àmì ìbéèrè ló burú jù. Bí “Ṣẹ́gun” bá ti di “???gun”, ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí kò ní àyè fún àwọn lẹ́tà náà, wọ́n sì ti lọ nìyẹn. Ẹ wá fáìlì àkọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ ẹ ka àwọn àmì yẹn: lẹ́tà méjì ló lọ, àmì ìbéèrè mẹ́ta ló dípò wọn. Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún “ẹ” (U+1EB9) àti fún “é” (U+00E9), kò ní ẹyọ kan fún “ẹ́”. Àmì ohùn òkè (U+0301) la máa ń gbé lé “ẹ” lórí. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn á kọ “e”, á fi U+0323 sí i nídìí, kó tó fi ohùn lé e. Òmíràn ń lo ìlà kékeré U+0329. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń wá Ṣẹ́gun tí ẹ̀rọ ní kò sí, nígbà tó wà lójú yín kedere.

Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ da lẹ́tà náà nìkan sí ìlà òfìfo nínú Word, ẹ fi kọ́sọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ Alt+X. Nọ́ńbà àmì tó kẹ́yìn á jáde; bí ó bá jẹ́ 0301, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún tẹ Alt+X. Àtúnṣe rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fi U+0323 rọ́pò gbogbo U+0329, torí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ onírúurú ọ̀nà kíkọ lẹ́tà kan di ọ̀kan ṣoṣo, kì í fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ní Python, ẹ lo unicodedata.normalize("NFC", oruko), ní ibi ìpamọ́ dátà PostgreSQL 13 sókè, normalize(oruko, NFC). Ẹ ṣe é fún orúkọ tí ẹ ń fi pamọ́ àti fún ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ láti fi wá a. Tí ẹ bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, wọn ò ní bára mu.

Ní ti SMS, à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú lẹ́tà GSM, àwọn lẹ́tà ìpìlẹ̀ fún SMS. Ṣùgbọ́n “ẹ” kan péré, tàbí “á”, ti tó láti sọ àyè lẹ́tà 160 tó wà nínú SMS kan di 70, “ẹ́” sì ń gba àyè méjì nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tìtorí owó gé àmì kúrò lórí orúkọ oníbàárà.