Oríkèé Ọmọ Ti San, Ọkàn Rẹ̀ Ńkọ́?

Ìyá kan gbé ọmọ ọdún 9 wá bá wa láti Òkè-Fìà. Lọ́jọ́ Ajé, orúnkún ọ̀tún ló wú. Kó tó di Ọjọ́rú, orúnkún ti sọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ òsì ló kàn. “Nọ́ọ̀sì, àfi bíi pé nǹkan ọ̀hún ń rìn kiri ara ẹ̀.” Wọ́n ti fi òrí pa á títí. Ará ilé ní SS ni, ìyẹn fọ̀níkúfọ̀ladìde, bẹ́ẹ̀ AA lọmọ.

Mo bi í bóyá ọ̀fun dun ọmọ láìpẹ́ yìí. Ó ronú díẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn, wọ́n sì ra kápúsù méjì ní kẹ́mísì. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Kòkòrò streptococcus tó wà lọ́fun kì í tán pẹ̀lú kápúsù méjì. Ara á máa bá a jà, ìjà náà sì lè yà bá oríkèé àti ọkàn. Rheumatic fever ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló ń mú jù.

Ẹ má sáré fún ọmọ ní oògùn oníyẹ̀fun tó ní aspirin. Kò yẹ ọmọdé láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, ó sì tún máa ń pa ìrora náà kí dókítà tó rí ibi tó ń rìn lọ.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni “ibà ló ń jẹ́ kí àyà ẹ̀ máa sáré.” Òótọ́ ni pé ibà ń mú ọkàn sáré: bí ara bá fi digírì 1 gbóná sí i, ìlù ọkàn lè fi nǹkan bí 10 lé sí i ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn, kí ibà ti lọ, kí ẹ wá fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bó bá ṣì ń lù kì-kì-kì, ọ̀rọ̀ ti kọjá pàrásítámọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀rù wáyà ECG, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, máa ń ba àwọn òbí. Wọ́n rò pé iná la fẹ́ gbé lé ọmọ lára. Ẹ̀rọ náà kàn ń gbọ́ ni. Nínú àìsàn yìí, àṣẹ tó ń ti yàrá òkè ọkàn bọ̀ nísàlẹ̀ lè máa falẹ̀ lọ́nà, ìwé ECG á sì fi hàn. Bí ìwé náà bá mọ́, ẹ má tíì jó o: ilẹ̀kùn inú ọkàn lè ti bàjẹ́, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò ló ń tú u fó.

Abẹ́rẹ́ pẹnisílììnì, tí a fi ń dènà kí kòkòrò ọ̀fun yẹn má padà, wá ńkọ́? Ó dunni gan-an, n ò ní purọ́. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ló ń wáyé lẹ́ẹ̀kan, fún ọdún 5 ó kéré tán, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ bí ọkàn bá ti fara gbá. Bí oríkèé bá ti san, ọ̀pọ̀ kì í padà wá mọ́. Ìyá Òkè-Fìà ń padà wá ní tiẹ̀: ẹfun ló fi ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ náà ló sì ń ka ọjọ́ tó kù fún un.