Bí Adú, Ológbò Mi, Ṣe Gbà Kí N Máa Fọ Eyín Rẹ̀

Òórùn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Bí Adú bá ti gun itan mi lálẹ́, tó yán, òórùn burúkú á gba gbogbo imú mi. Mo rò pé ẹja tó jẹ ni. Nígbà tó yá, tó bá ń jẹun, á dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkèlè á sì máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Itọ́ tún ń dà.

Aládùúgbò mi kan ní Ọ̀bà-Ilé ní kí n lọ parasitamó sínú omi fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ pe dókítà ẹranko. Ó ní, "Màmá, ẹ má dán an wò o! Ẹyọ kan péré lè pa ológbò." Ẹ̀dọ̀ wọn kò lè borí oògùn yẹn bíi tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó bá ń sin ológbò.

Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, a wọ takisí lọ sí Alágbàká. Dókítà gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì rẹ̀ pupa fòò níbi tó ti pàdé eyín, ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ sì ti le gbagidi mọ́ àwọn eyín ẹ̀yìn lókè. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì kò lè ká èyí tó ti le mọ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, nítorí kò sí ológbò tí yóò lajú sílẹ̀ kí èèyàn máa ha abẹ́ èrìgì rẹ̀. Nínú ọgbọ̀n eyín tí ológbò tó ti dàgbà ń ní, wọ́n yọ ọ̀kan. Nígbà tí mo rí i tó sùn sílẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta, omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà jiná kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mú búrọ́ọ̀ṣì rárá ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo ń ti ìka bọ omi ẹja tí mo bọ̀ láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà (májèlé ni àlùbọ́sà fún wọn), mo ń fi pa á létè, ó ń lá a. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wé aṣọ funfun mọ́ ìka, mo sì rọra fi nu eyín rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ra búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọwọ́, èyí tó rọ̀ jù lọ́jà. Omi lásán ni mo ń lò. Ọṣẹ ìfọyín tiwa kò dára fún un, nítorí gbígbé ni yóò gbé e mì.

Mi kì í la ẹnu rẹ̀. Ètè ni mo ń gbé sókè, mo sì ń fọ ìta eyín nìkan, ibi tí ìdọ̀tí ń pọ̀ sí jù. Ahọ́n rẹ̀ tó rí ṣákiṣàki ń ṣiṣẹ́ nínú. Mo ń tẹ orí búrọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá èrìgì, mo ń yí i róbótó, níwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 30 lápá kọ̀ọ̀kan. Ìrù rẹ̀ ni mo ń wò: bó bá ti ń fi í na ilẹ̀, mo dáwọ́ dúró nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni, lẹ́yìn àdúrà alẹ́.

Apá ọ̀tún lókè, níbi tí wọ́n ti yọ eyín, kò tíì gbà kí n pẹ́ níbẹ̀. Mo kàn ń fọwọ́ bà á, mo ń fi í sílẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ tún yẹ̀ ẹ́ wò.