Bí mo ṣe borí màlúù Blanche nínú Pokémon Or

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá Pokémon Or rí, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò gbá a rí, géèmù téèyàn ti ń mú àwọn ẹran tó ń jẹ́ Pokémon, tó ń fi wọ́n bá ti ẹlòmíì jà ni. Blanche ni, ẹni tó ni Arène ìlú Doublonville inú géèmù náà, ìyẹn ilé ìjà téèyàn ti ń gba báàjì tó bá borí, òun àti màlúù ẹ̀. Àwọn ará Nàìjíríà tó gbá a lédè Gẹ̀ẹ́sì mọ ọmọbìnrin yẹn sí Whitney, wọ́n mọ màlúù náà sí Miltank, àmọ́ lọ́dọ̀ wa níbí ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni géèmù ń sọ fún wa, Écrémeuh la mọ̀ ọ́n sí, "meuh" tó wà nídìí orúkọ yẹn ni igbe tí àwọn Faransé ń gbọ́ lẹ́nu màlúù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dá mi dúró. Mo ti borí ẹ̀ báyìí, mo dẹ̀ fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é látòkè délẹ̀, torí gbogbo ìmọ̀ràn tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi, ìdajì ẹ̀ màlúù yẹn ló ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nípa ẹ̀rọ náà. Game Boy Color tòkunbọ̀ ni, ọjà Tọ̀kpá ni mo ti rà á ní Kútọnù, 15,000 CFA, kásẹ́ẹ̀tì Or wà nínú ẹ̀. Ọdún 1999 ni géèmù yìí jáde ní Jàpáànù, 2001 ló tó dé Yúróòpù, ẹ wá ro bí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe máa gbó tó. Mo gbá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sévù, mo pa á, mo tan án padà, òfo. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀, CR2025, òun ló ń bá èèyàn tọ́jú ohun téèyàn bá sévù, òun náà ló ń gbé aago inú géèmù, torí ilẹ̀ ń ṣú ilẹ̀ ń mọ́ níbẹ̀ bíi tiwa níta níbí. Bátìrì yẹn ti kú. Bàbá kan tó ń tún aago àti rédíò ṣe lọ́jà ló bá mi ṣí i, ó fi irin gbígbóná tú èyí tó kú, ó jó tuntun mọ́ ọn, ó gbé e súnmọ́ ojú bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé, kò mí rárá títí òjé yẹn fi tutù. Látọjọ́ yẹn kò sọnù mọ́. Ojú ẹ̀rọ náà ò kúkú ní iná, tílẹ̀ bá ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì pọtábù ni mò ń tàn sí i látẹ̀gbẹ́.

Héricendre ni mo mú níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà iná. Albert tó ni Arène àkọ́kọ́ ò yọ mí lẹ́nu. Hector tó tẹ̀lé e ní Insécateur kan tó ń lo Taillade, bó bá ṣe ń ṣá ẹ léraléra ló ń le sí i, àmọ́ iná jó o. Nosferapti, àdán inú ihò Caves Jumelles, ló ń bí èèyàn nínú lóòótọ́, ẹsẹ̀ méjì o ò tíì gbé, ọ̀kan ti fò jáde, á pariwo sí Pokémon ẹ létí, orí tìyẹn á dàrú, á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè sá fún Nosferapti. Blanche ò ṣeé sá fún. Igi kan dí ọ̀nà tó lọ sí Rosalia, ìlú tó kàn, ohun tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ló ń mú un kúrò, àwọn tó ń ta òdòdó ní Doublonville ló ní in, wọn ò dẹ̀ ní fún ẹ àfi tó o bá ti na Blanche. Ilé wa ò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà lára odi ìlú wa, àwọn àgbà máa ń sọ fún wa bí àwọn tó ń ṣọ́ ọ láyé ogun ṣe ń dá èèyàn dúró kó tó wọlé. Bí Blanche ṣe jókòó sójú ọ̀nà mi nìyẹn.

Pokémon méjì péré ló ní. Mélofée ìpele 18, Écrémeuh ìpele 20. Mélofée ò fi bẹ́ẹ̀ le, Métronome ẹ̀ nìkan ni, torí ìkọlù yòówù ló lè já jáde níbẹ̀, lọ́jọ́ kan Surf ló yọ, omi gbá Feurisson mi lọ. (Feurisson ni Héricendre ń dà tó bá ti dé ìpele 14.) Écrémeuh ló wá jáde. Nǹkan mẹ́rin ló mọ̀, Attraction (ìfẹ́), Roulade (yíyí gun ẹni), Écrasement (títẹ ẹni mọ́lẹ̀), Lait à Boire (wàrà mímu), kò sí èyí tó wà níbẹ̀ lásán nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Akọ ni Feurisson mi, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn, torí nínú mẹ́jọ tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀rẹ̀, méje ló máa ń jẹ́ akọ, Écrémeuh dẹ̀ rèé, abo ni gbogbo wọn. Ó lo Attraction, ìfẹ́ kó sí Feurisson lórí, ká ní ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó jà, ẹ̀ẹ̀kan lá jà. Roulade wá bẹ̀rẹ̀. Agbára 30 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á di 60, á di 120, á di 240, tó bá fi máa yí lẹ́ẹ̀karùn-ún ó ti di 480. Ìkọlù àpáta ni, àpáta dẹ̀ ń ṣe iná lọ́ṣẹ́ ní ìlọ́po méjì. Mò ń wo ìlà ẹ̀mí Feurisson, ó ń já wálẹ̀, ó pọ́n, ó tán. Mo sọ òmíràn sílẹ̀, Roulade ò tíì dúró, ó yí gun òun náà. Ìgbà tí mo wá rí ẹyọ kan tó gbìyànjú, tí ẹ̀mí màlúù yẹn ti lọ ní ìdajì, ó dúró, ó mu wàrà ara ẹ̀, ìdajì ẹ̀mí ẹ̀ padà. Inú bí mi débi pé mo gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ mo jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Tó o bá pàdánù, ìdajì owó ẹ ló ń bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ ìyà yẹn kí n tó mọ̀ pé iwájú ẹ̀ gan-an ni kí n ti sévù.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé Feurisson ga sí i. Mo gbé e dé ìpele 22, mo pa gbogbo ohun tó ń rìn nínú koríko ibẹ̀, bákan náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa zem, ọ̀kadà tiwa níbí, tó ti parí géèmù yẹn láti kékeré, ló wá sọ fún mi pé kí n lo ẹrẹ̀. CT ni ohun tí wọ́n fi ń kọ́ Pokémon ní ìkọlù tuntun, CT31 tí Albert fún mi, Coud'Boue ló wà nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dà sójú ẹni yẹn, kò ní ríran dáadáa mọ́, Roulade dẹ̀ rèé, tó bá ti tàsé ẹ̀ẹ̀kan péré, 30 ló máa padà sí. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo padà sínú Caves Jumelles lọ wá Racaillou, abo ni mo mú kí Attraction má bàa ràn án. Ẹ fi sọ́kàn pé nínú Or yìí, abo kì í lágbára ìkọlù tó akọ, àmọ́ iṣẹ́ ẹrẹ̀ ni mo fẹ́ kó bá mi ṣe. Àpáta àti ilẹ̀ ni Racaillou, Roulade ò mú un tó bẹ́ẹ̀, Écrasement náà ò mú un.

Ó dà bíi pé ó máa ṣiṣẹ́ o. Ẹrẹ̀ àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ kejì, ẹrẹ̀ kẹta, Roulade bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Coud'Boue yẹn ò dùn ún, díẹ̀díẹ̀ ló ń mú lára ẹ̀mí ẹ̀, tó bá ti wálẹ̀ tó báyìí, Roulade tàsé, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo, ó mu wàrà. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún tàsé, ó tún mu wàrà. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú la fi wà níbẹ̀, àwọn ìkọlù tó bà Racaillou lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pàpà pa á. Ẹ̀ẹ̀keje tí mo pàdánù nìyẹn, èyí ló dẹ̀ dùn mí jù, torí mo rò pé mo ti rí ọ̀nà.

Ìyá àgbà mi ń ṣe wàgàsì tà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé wàrà wá fún un ní ìdájí, á gbé e kaná, á fún omi ewé bọmubọmu sí i, tó bá ti dì, á fi igbá kó o sínú agbọ̀n kó jò. Ìdí iná yẹn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo tún ń gbá a, mi ò mọ̀ pé mo ti ń pariwo. Ó ní:

"Ọkọ mi, màlúù wo lò ń bá jà látàárọ̀?"

Mo ní, "Ìyá àgbà, màlúù inú géèmù ni. Ó ń yí bíi táyà, ó ń gun àwọn ẹran mi mọ́lẹ̀, tí mo bá wá fẹ́ pa á báyìí, á mu wàrà ara ẹ̀, ara ẹ̀ á tún yá."

Ó dáwọ́ dúró, igbá wà lọ́wọ́ ẹ̀, wàrà ń kán sílẹ̀ láti etí ẹ̀. "Wàrà ara ẹ̀? Ṣé bó ṣe ń yí náà ló ń mu ún?"

"Rárá, Ìyá àgbà, ó ní láti dúró ná."

"Ó dáa. Ta ló ń dá a dúró?"

Ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Èmi ò lè gbá géèmù mọ́, mo kàn ń wo ojú ẹ̀rọ náà. Èmi ni mò ń dá a dúró. Roulade tó bá ti bẹ̀rẹ̀, Écrémeuh ò lè ṣe nǹkan míì títí á fi yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí títí á fi tàsé, kò lè mu wàrà, kò lè ṣe Attraction, kò lè ṣe nǹkan kan. Gbogbo ẹrẹ̀ tí mò ń dà yẹn, èmi ni mò ń tú okùn lọ́rùn ẹ̀ kó lè lọ mumi. Ohun tó yẹ kí n wá ni ẹni tí Roulade ò lè tètè pa, tó dẹ̀ lè lù ú gidi nígbà tó bá ń yí, kó parí ẹ̀ kí Roulade tó dé 240.

Machoc ni. Oníjà ni, ìkọlù àpáta ń dín sí ìdajì lára àwọn oníjà, ìkọlù tiwọn dẹ̀ ń di ìlọ́po méjì lára ẹ̀yà Normal bíi Écrémeuh. Èyí tó sì ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú Doublonville níbẹ̀ náà ni Machoc wà, nínú ilé ìtajà alájà púpọ̀ yẹn, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń wá Soporifik, tó o bá fún un, á fún ẹ ní Machoc. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni yẹn bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Soporifik pọ̀ nínú koríko Route 34 tó wà ní gúúsù ìlú, mo mú ọ̀kan, mo lọ pààrọ̀ ẹ̀. Abo ni Machoc yẹn, Attraction ò ràn án. Pokémon tó bá dẹ̀ tọwọ́ ẹlòmíì wá máa ń tètè dàgbà, ìrírí tó ń rí gbà fi ìdajì ju ti tèèyàn fúnra ẹ̀ lọ, nírọ̀lẹ́ méjì ó ti kọ́ Poing-Karaté ní ìpele 13, mo gbé e dé 18.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ ló ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Écrémeuh kọ̀ tí kò yí, Écrasement ló ń lò, ìyẹn ò dín kù lára Machoc, ó dẹ̀ lè mú kí jìnnìjìnnì bò ó tí kò fi ní lè jà nígbà yẹn rárá. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbá a." Mo ní kó ní sùúrù.

Ìgbà kẹta, Racaillou ló lọ síwájú, ó fi Jet-Pierres yanjú Mélofée. Machoc wọlé. Écrémeuh lo Attraction, kò mú un, Poing-Karaté, ó gé bí ìdá mẹ́ta ẹ̀mí ẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí mo ti ń dúró dè, Roulade. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ yẹn mo pariwo "máa yí!" Ó yí, ẹ̀mí Machoc ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Poing-Karaté kejì. Ìlà màlúù yẹn pọ́n. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń mu wàrà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àbúrò mi ti gorí èjìká mi. Kò lè mu ún. Ó tún yí, ó dùn Machoc díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Machoc dúró, ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó wó.

Mi ò tíì gba báàjì o. Blanche bú sẹ́kún, ó ń sunkún bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan ẹ̀, kò fún mi ní nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde, ọmọbìnrin kan nínú Arène ló dá mi dúró pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kí n padà lọ bá a. Mo padà, ó ti dákẹ́, ó fún mi ní Badge Plaine, ó fi CT45 kún un, Attraction yẹn náà ló wà nínú ẹ̀. Mo sévù lójú ẹsẹ̀.

Àwọn olódòdó fún mi ní Carapuce à O, mo gba Parc Naturel kọjá, mo dé ìdí igi yẹn, mo da omi sí i lára, kì í ṣe igi, Pokémon ni, Simularbre, ẹ̀yà àpáta, ìpele 20. Machoc ló kọ́kọ́ jáde. Àpáta náà ò fẹ́ràn oníjà.

Ìyá àgbà ti pè mí nígbà yẹn pé kí n wá bá òun gbé ìkòkò wàrà kúrò lórí iná. Mo pa ẹ̀rọ, mo lọ gbé e.