Bí Ọ̀gá Àgbà Ṣe Lè Wá Iṣẹ́ Mìíràn láti Iléṣà

Ọ̀nà tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ń gbà wá iṣẹ́ kò bá ọ̀gá àgbà mu. Ìkéde ipò tó tó tiyín kì í pọ̀. Ẹnu àwọn tó mọ iṣẹ́ yín ni wọ́n ti sábà ń gbọ́ orúkọ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ to owó ilé, nítorí irú iṣẹ́ yìí lè pẹ́ kí ẹ tó rí i. Bí ẹ kò bá tíì pé ẹni 50 ọdún, tí ẹ sì wà láìníṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gbà yín láyè láti gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nínú owó tó wà nínú àpò owó ìfẹ̀yìntì yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún CV yín kọ. Ojú ìwé méjì tó. "Mo bójú tó ẹ̀ka ọjà títà" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Ohun tó yí padà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú iye rẹ̀: gbèsè tí ẹ gbà padà, òṣìṣẹ́ tí ẹ darí, owó tí ẹ dín kù. Àmọ́ bó bá jẹ́ ipò Registrar tàbí Bursar ní fásitì lẹ ń wá, gbogbo ohun tí ìkéde wọn bá béèrè ni kí ẹ kó síbẹ̀, bó ti wù kó gùn tó.

Ó wá kan àwọn èèyàn. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, àwọn oníbàárà àtijọ́, àwọn tí ẹ jọ jáde ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde Ilesa Grammar School, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, ní ọmọ níbi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà máa ń wálé láti Èkó àti Àbújá ní oṣù Kejìlá. Ẹ má sọ pé "ẹ bá mi wá iṣẹ́." Ìyẹn kì í fún èèyàn ní ohun tó lè ṣe. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu ni mò ń wá, èyí tó fẹ́ tún ìpínkiri ọjà rẹ̀ tò. Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀ tí mo lè bá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú?" Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ tún pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má lóṣòó tì wọ́n bí òṣómàálò.

Bí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ṣọ́ ẹnu. Iléṣà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níbi ìnáwó ní Sátidé lè dé ọ́fíìsì yín kí Mọ́ńdè tó pé. Ẹ má kéde lórí LinkedIn náà pé ẹ ń wá iṣẹ́.

Ẹ fi CV ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá ọ̀gá, l'Ékòó pàápàá. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba èèyàn ló ń sanwó fún wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀yin sanwó, ẹ sá fún un.

Bí wọ́n bá ti nawọ́ iṣẹ́ sí yín, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìdí tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi lọ. Ní báńkì, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí yín kí ẹ tó gorí àga. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka àdéhùn náà, pàápàá ibi tó sọ ohun tí wọn yóò san bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ. Ìgbà tí ìwé tí wọ́n buwọ́ lù bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.