Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ ní London

Tó o bá ti já bọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, gbójú kúrò lára táksí o, owó ẹ̀ ò kéré. Wọ ọkọ̀ ojú irin Piccadilly, ó máa pẹ́ lọ́nà díẹ̀ àmọ́ òun ló dínwó jù nínú àwọn tréènì ibẹ̀. Káàdì báǹkì ẹ, tó bá lè ná owó ìta, lo máa fi kan ẹ̀rọ ẹnu géètì, ò ń wọlé kàn án, ò ń jáde kàn án, káàdì kan náà o, tó o bá gbàgbé ti ìjáde wọ́n lè yọ owó tó ju iye tó yẹ lọ. Bọ́ọ̀sì ò gba kéèṣì rárá. Ṣájà tó o gbé wá láti Nàìjá á wọlé, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Tó o bá fẹ́ sọdá títì, ọ̀tún ni kó o kọ́kọ́ wò, torí apá òsì ni mọ́tò wọn ń gbà, èmi gbàgbé, họ́ọ̀nù ló là mí lójú. Ọbẹ̀ wa ńkọ́? Àdúgbò Peckham ni wàá ti rí i.