Ọmọ ayò ló gbà mí lọ́wọ́ aago

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jókòó ṣe àṣàrò láàárọ̀ bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí mo bá ti yí aago fóònù sí ogún ìṣẹ́jú báyìí, eyín mi á fún pinpin, ojú mi á sì máa wá fóònù. Mo fi orin tútù sí i, mo yí àkókò padà, pàbó ló já sí.

Ìgbà tí mo lọ kí bàbá mi níbí ní Àkúrẹ́ ni mo rí ọpọ́n ayò wọn tí eruku ti bò lábẹ́ àga. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ.

Òun ni mo wá ń fi ṣe àṣàrò dípò aago: ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo kó gbogbo ọmọ sínú abọ́. Mo mí sínú, mo rọra mí síta, mo sọ ọmọ kan sínú ihò. Kó! Ọmọ náà ń dán, ó tutù láàárín ìka bí òkúta odò. Mímí síta tó bá gùn máa ń jẹ́ kí àyà rọra lù. Bí ọkàn mi bá sáré lọ sórí owó ilé-ìwé, mi ò bá ara mi wí mọ́. Màá dá ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú abọ́, màá mú òmíràn. Tí mo bá mí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ó tó mi.

Ọmọbìnrin mi ti ń bá mi jókòó báyìí. Lánàá, ó jí ọmọ ayò mẹ́ta pamọ́, ni ihò ìkẹyìn bá ku ẹyọ kan. A rẹ́rìn-ín títí, a tún un ṣe.