Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ “was”

Owó tí mo san fún ẹni tó bá mi tún ìtàn mi ṣe ṣì ń dùn mí dòní. Ìtàn alẹ́ tí iná sọ ní kíṣìnì wa ni, ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà yẹn, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ báyìí pé “I run, I scream, my mother drags me out”, torí mo fẹ́ kí èéfín yẹn kó sí ẹni tó ń kà á nímú. Bọ̀dá yìí gbowó tán, ó sọ gbogbo ẹ̀ di “ran”, “screamed”, “dragged”, ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Irọ́ ni jàre! Ṣebí àwọn elédè gan-an, tí wọ́n bá ń royìn àná fúnra wọn, “so this guy comes up to me and says” ni wọ́n ń wí, ó tiẹ̀ lórúkọ, “historic present”, ìyẹn ni kéèyàn máa sọ ohun àná bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní màá dá a padà fúnra mi. Mo ti pa èyí tí mo kọ́kọ́ kọ rẹ́ (ẹ má bú mi), ọ̀lẹ sì ń ṣe mí, ni mo bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo “was” di “is” lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣé “was” wà nínú “washing”. Ìyá mi tó ń fọ abọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn bá di “ishing the plates”. Mo rẹ́rìn-ín títí, inú wá bí mi. “Said” náà di “says”, ó wọnú ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu màmá jáde, “You says you turned it off”. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án o.

Èyí tó gba alẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi ni “had”. “My father had bought the stove that week”, mo sọ ọ́ di “buys”, ló bá dà bíi pé iná ń jó, bàbá mi ń ná sítóòfù lọ́jà. “Bought” lásán ló yẹ kó jẹ́, torí tí iná bá ti di ìsinsìnyí, ohun tó ṣáájú ẹ̀ ni àná. Etí mi ò tètè gbọ́ ọ torí ní Yorùbá, “ó ń fọ abọ́” ni, ìbáà ṣe àná ìbáà ṣe òní. “I put” ló tún wá dá kún un, kì í yí padà, bákan náà ni tàná tòní, mi ò mọ èyí tí mo ti tún ṣe mọ́.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fi àwọ̀ kun gbogbo “had” kí n tó bẹ̀rẹ̀, ǹ bá sì máa kà á sókè, torí ẹnu ló bá mi mú èyí tó pọ̀ jù.

Ó dùn gan-an báyìí, mi ò purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé fífọ abọ́ yẹn dáa jù ní “was washing”, kí “is” tó wọlé níbi tí èéfín ti yọ. Ìyẹn ni pé ojú ewé àkọ́kọ́ tí bọ̀dá yẹn ṣe kúkú dáa. Mi ò ní sọ fún un.